Kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn kọ̀ǹpútà yín fáráyé: Bẹ́ ẹ ṣe lè yan tọ́nẹ́ẹ̀lì tó bá iṣẹ́ yín mu

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ òṣèlú kọ́ la fẹ́ sọ lónìí o. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà pàápàá máa rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni: ta lẹ ṣí i fún, ta ló ń bá yín ṣọ́ ọ, ìgbà wo lẹ sì máa tì í.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń kọ́ iṣẹ́ kóòdù. Ọ̀dọ̀ mi ní Abẹ́òkúta ló máa ń wá jókòó sí, torí pé íntánẹ́ẹ̀tì wà nílé mi. Màmá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ló gbé iṣẹ́ fún un, pé kó ṣe ìkànnì kan táwọn oníbàárà òun á ti máa wo aṣọ, tí wọ́n á sì ti máa sanwó. Ọmọ náà ṣe é débi tó dáa. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé kan, màmá ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ibi tó bá a dé. Bẹ́ẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ọmọ yìí ni gbogbo ẹ̀ ṣì wà, kò tíì gbé e sórí ayélujára. Ló bá lo ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní tọ́nẹ́ẹ̀lì. Ó kọ àṣẹ ìlà kan péré, wọ́n fún un ní líǹkì, ó fi ránṣẹ́ sí màmá lórí WhatsApp. Màmá tẹ̀ ẹ́, ìsọ̀ ẹ̀ sì yọ lójú fóònù. Inú gbogbo wa dùn.

Àṣé màmá ti gbé líǹkì náà sínú gúrúùpù àwọn oníbàárà ẹ̀, ó ní kí wọ́n wá bá òun dúpẹ́, ìsọ̀ òun ti dé orí ayélujára. Ẹ ò lè bá a wí. Ta ló máa rí nǹkan tuntun tí ò ní fi han àwọn èèyàn ẹ̀?

Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí ìyá kan fi pe màmá lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ mi ń ṣe níbẹ̀? Nọ́ńbà mi àti àdírẹ́ẹ̀sì ilé mi ni mò ń wò lójú fóònù yìí o." Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ yìí ti kó orúkọ àwọn oníbàárà gidi látinú ìwé ọjà màmá, ó fi dán iṣẹ́ ẹ̀ wò. Ó wá ṣe ojú ewé kan tó ń to gbogbo ọjà tí wọ́n ti rà, orúkọ, nọ́ńbà àti àdírẹ́ẹ̀sì. Kò fi password sí ojú ewé yẹn, torí pé lójú tiẹ̀, òun nìkan ló ń wò ó. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tẹ ibi tí wọ́n kọ "Ọjà tó ti lọ" sí nísàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló máa rí.

Ibi tá a ti ń sáré pé kí la fẹ́ ṣe ni iná ti lọ. Router kú, líǹkì náà sì kú. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo dúpẹ́ láyé mi pé iná lọ nìyẹn.

Mi ò ní dárúkọ iṣẹ́ tọ́nẹ́ẹ̀lì tó lò lọ́jọ́ náà, torí kò jẹ̀bi. Ohun tá a ní kó ṣe gan-an ló ṣe. Àwa la ò béèrè ohun tó yẹ ká béèrè. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti ọmọ yìí fún ọjọ́ mélòó kan, tí mo ní kó là á yé mi bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, tí àwa méjèèjì sì jọ dán oríṣiríṣi wò. Ohun tá a rí kọ́ ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín.

KÍ LÓ Ń JẸ́ TỌ́NẸ́Ẹ̀LÌ?

Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní orúkọ kan tó fi ń pe ara ẹ̀, ìyẹn localhost. Nọ́ńbà ẹ̀ ni 127.0.0.1. Bí kọ̀ǹpútà bá pe orúkọ yẹn, ara ẹ̀ ló ń pè. Tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá ní kí màmá tẹ localhost sórí fóònù tiẹ̀, inú fóònù yẹn náà ni fóònù máa wá a sí, kò sì ní rí nǹkan kan. Bí ìgbà téèyàn ní "wá bá mi ní yàrá mi" ni, tí ẹni tó gbọ́ ọ wá wọ yàrá tara ẹ̀ lọ.

Ẹ lè ní, kí ló dé tí ò fún màmá ní nọ́ńbà íntánẹ́ẹ̀tì ilé mi? Router ló ní nọ́ńbà tó ń jáde síta, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ti ìta wá kanlẹ̀kùn, router ò mọ ẹni tó ń wá nínú ilé, ńṣe ló máa lé e padà. Fún ọ̀pọ̀ wa tó ń lo dátà fóònù tàbí MiFi, ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà tí ìta lè pè ò kárí gbogbo ayé mọ́, torí náà àwọn tó ń ta dátà máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo. CGNAT ni wọ́n ń pe ètò yìí. Bí nọ́ńbà tí wọ́n fún router yín láti ìta bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, ẹ mọ̀ pé ilé face-me-I-face-you lẹ wà. Bó ti wù kẹ́ ẹ ṣí router tó, àlejò ò lè débẹ̀, torí géètì ńlá tó wà níta kì í ṣe tiyín.

Ibi tí tọ́nẹ́ẹ̀lì ti wọlé rèé. Router kì í dí ẹni tó ń jáde lọ́wọ́, ẹni tó ń dédé wọlé ló máa ń dá dúró. Torí náà, kọ̀ǹpútà yín fúnra ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jáde lọ bá server ilé iṣẹ́ tọ́nẹ́ẹ̀lì, á sì di ìlà yẹn mú, kò ní já a. Ó dà bíi kẹ́ ẹ rán ọmọ kan lọ sí oríta, kẹ́ ẹ pè é lórí fóònù, kẹ́ ẹ má sì gé ìpè náà. Ẹni tó bá ń wá yín, ọmọ oríta yìí ló máa bá. Á sọ ohun tó fẹ́, ọmọ á sọ ọ́ fún yín lórí fóònù, ẹ̀yin á fèsì, ọmọ á sì jíṣẹ́ padà. Àlejò ò mọ ọ̀nà ilé yín, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá béèrè, tí áàpù yín bá ti dáhùn, ó máa rí i.

Ẹ fi ọmọ oríta yìí sọ́kàn, torí òun la máa lò títí ọ̀rọ̀ yìí fi máa parí.

TA LÓ NÍLÒ Ẹ̀, TA NI Ò NÍLÒ Ẹ̀?

Ìdí tó pọ̀ jù táwọn tó ń kọ kóòdù nílẹ̀ wa fi ń lo tọ́nẹ́ẹ̀lì ni ọ̀rọ̀ owó. Bí oníbàárà bá sanwó nípasẹ̀ Paystack tàbí Flutterwave, ilé iṣẹ́ náà máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ìkànnì yín pé owó ti wọlé. Webhook ni wọ́n ń pe ìròyìn yẹn. Áàpù yín ló máa gbà á, òun ló máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni báyìí ti sanwó, kí wọ́n gbé aṣọ fún un. Bí ìròyìn yẹn ò bá débẹ̀, owó á kúrò lọ́wọ́ oníbàárà, áàpù ò sì ní mọ̀. Ẹ̀yin náà mọ irú ìjà tó máa ń tìdí ẹ̀ yọ. Torí náà ó di dandan kẹ́ ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, Paystack ò sì lè fi ìròyìn ránṣẹ́ sí localhost.

Ìdí kejì ni ká lè dán áàpù wò lórí fóònù. Browser kì í gbà kí ìkànnì lo kámẹ́rà tàbí kó mọ ibi tẹ́ ẹ wà bí líǹkì ẹ̀ ò bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https. Localhost nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀ nínú òfin yẹn. Lórí kọ̀ǹpútà yín, kámẹ́rà á ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti lọ sórí fóònù, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Tọ́nẹ́ẹ̀lì máa ń bá yín yanjú https yẹn. Ìdí kẹta ni tiwa lọ́jọ́ Sátidé yẹn: ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ han ẹni tó gbé e fún yín.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé inú ilé kan náà lẹ wà, tẹ́ ẹ sì kàn fẹ́ wo bí ojú ewé ṣe rí lórí fóònù, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Ẹ jẹ́ kí fóònù àti kọ̀ǹpútà wà lórí Wi-Fi kan náà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí áàpù yín máa dáhùn lórí nọ́ńbà kọ̀ǹpútà nínú ilé, èyí tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168. Ọ̀rọ̀ yín ò ní jáde síta rárá. Bó bá sì jẹ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí èèyàn máa wò fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ẹ wá server gidi tó kéré gbé e sí. Kọ̀ǹpútà tó ń kú nígbà tí iná bá lọ kì í ṣe ibi téèyàn ń tajà.

ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN TÓ YẸ KẸ́ Ẹ BÉÈRÈ

Ọ̀pọ̀ èèyàn, ìbéèrè kan péré ni wọ́n máa ń béèrè: "Ṣé ọ̀fẹ́ ni?" Àwa náà, òun la bi ara wa. Ẹ béèrè èyí, ṣùgbọ́n kó jẹ́ òun ló máa gbẹ̀yìn.

Àkọ́kọ́: ṣé orúkọ líǹkì náà máa ń yí padà? Àwọn kan wà tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tún un tàn ni wọ́n máa fún yín ní orúkọ tuntun. Fún ẹni tó fẹ́ fi nǹkan han èèyàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyẹn dáa, ó tiẹ̀ sàn. Fún webhook, ìyọnu ni. Gbogbo ìgbà tí iná bá lọ tó sì padà dé, ẹ tún máa lọ sí Paystack lọ pààrọ̀ àdírẹ́ẹ̀sì. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbàgbé, ẹ ó máa dá kóòdù yín lẹ́bi fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ò ṣẹ̀.

Èkejì: ta ló ń gbọ́ ohun tó ń kọjá? Ọmọ oríta yín ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Lọ́pọ̀ iṣẹ́ tọ́nẹ́ẹ̀lì, https tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ máa ń parí sórí server tiwọn, wọ́n á ṣí i níbẹ̀, kí wọ́n tó gbé e wá bá yín. Mi ò ní wọ́n ń kà á o. Mò ń sọ pé wọ́n lè kà á, kẹ́ ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ àṣírí gba ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ṣé mo lè fi olùṣọ́ síbẹ̀? Ìyẹn ni pé kí wọ́n bi àlejò ní password tàbí kó fi ímeèlì ẹ̀ wọlé kó tó rí nǹkan kan. Ìbéèrè yìí gan-an là bá ti béèrè.

Ẹ̀kẹrin: ṣé mo lè rí ohun tó wọlé? Bí webhook bá kùnà, ẹ máa fẹ́ mọ̀ bóyá kò dé ni, àbí ó dé, áàpù yín ló ṣì í gbọ́.

Ẹ̀karùn-ún: kí ni òdiwọ̀n ọ̀fẹ́ ẹ̀, èló sì ni tó bá kọjá ìyẹn? Ẹ rántí pé dọ́là ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà.

ÀWỌN TÓ WÀ LỌ́JÀ

Ngrok ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ gbọ́. Alan Shreve ló ṣe é. Ẹ máa ṣí àkáǹtì, wọ́n á fún yín ní kọ́kọ́rọ́ kan, lẹ́yìn náà ẹ ó kọ "ngrok http 8000" bó bá jẹ́ orí 8000 ni áàpù yín wà. Ohun tó mú kó wù mí ni ojú ewé kan tó máa ń ṣí sórí kọ̀ǹpútà yín ní 127.0.0.1:4040. Níbẹ̀ lẹ ti máa rí gbogbo ìbéèrè tó wọlé, ohun tó wà nínú ẹ̀, àti ohun tí áàpù yín fi fèsì. Ẹ tún lè tẹ bọ́tìnì kan kó tún ìbéèrè kan náà rán wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ò ní tún máa ṣe bí ẹni ń rajà nígbà ogún kẹ́ ẹ lè rí webhook kan. Ètò ọ̀fẹ́ wọn ń fúnni ní orúkọ kan tí kì í yí padà. Àmọ́ ó ní òdiwọ̀n: 1 GB dátà àti 20,000 ìbéèrè lóṣù, wọ́n sì lè yí i padà nígbàkigbà, torí náà ẹ máa yẹ ojú ewé owó wọn wò. Ẹni tó bá fi browser ṣí líǹkì ọ̀fẹ́ yìí máa kọ́kọ́ rí ìkìlọ̀ kan kó tó kọjá. Màmá àgbà tó bá rí ìkìlọ̀ yẹn lè rò pé jìbìtì ni. Webhook kì í pàdé ìkìlọ̀ yẹn.

Cloudflare ní oríṣi méjì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa pọ̀ mọ́ yín lójú. Èyí tó yá jù ni ti trycloudflare.com. Ẹ gbé cloudflared sórí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ "cloudflared tunnel --url http://localhost:8000", ó tán. Kò béèrè àkáǹtì, kò béèrè owó. Orúkọ tí wọ́n máa fún yín jẹ́ àkópọ̀ ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì tí ò nítumọ̀, ó sì máa ń yí padà tẹ́ ẹ bá tún un tàn. Cloudflare fúnra wọn sọ pé fún ìdánwò nìkan ni. Kì í gba ju 200 ìbéèrè lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sì ní olùṣọ́ kankan lẹ́nu ọ̀nà. Oríṣi kejì ni èyí tó ní orúkọ, tẹ́ ẹ máa fi sábẹ́ orúkọ ìkànnì tiyín. Ọ̀fẹ́ ni láti ọdún 2021, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti ra orúkọ ìkànnì, kẹ́ ẹ sì fi sábẹ́ àkóso Cloudflare. Àǹfààní ńlá tó wà níbẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní Access: ẹ ó kọ ímeèlì àwọn tẹ́ ẹ gbà kó wọlé sílẹ̀, ẹni tó bá dé á kọ ímeèlì ẹ̀, wọ́n á fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí i níbẹ̀, òun ló máa fi wọlé. Ọ̀fẹ́ ni fún èèyàn tí ò ju 50 lọ. Cloudflare sì ní ibùdó kan ní Èkó, ìyẹn lè jẹ́ kó yára fún wa níhìn-ín.

Tailscale Funnel yàtọ̀ ní ohun kan tó ṣe pàtàkì. https tiẹ̀ kì í parí sórí server wọn, orí kọ̀ǹpútà tiyín ló ń parí sí. Ìyẹn ni pé ọmọ oríta ń gba lẹ́tà tí wọ́n ti lẹ̀ pa, kò lè tú u wò. Orúkọ ẹ̀ kì í yí padà, òpin orúkọ náà sì ni ts.net. Àmọ́ orúkọ yẹn máa wọ ìwé àkọsílẹ̀ gbangba tí wọ́n ń kọ gbogbo ìwé ẹ̀rí https sí, ẹnikẹ́ni sì lè wò ó níbẹ̀. Nítorí náà ẹ má fi orúkọ oníbàárà sọ kọ̀ǹpútà yín. Bó bá jẹ́ àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ nìkan lẹ fẹ́ kó rí i, "tailscale serve" ni kẹ́ ẹ lò, kì í jáde sí gbangba rárá.

Ẹni tó ń lo VS Code ti ní tọ́nẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láì mọ̀. Láti ọdún 2023 ni wọ́n ti fi í sínú ẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Ports sí, ẹ fi àkáǹtì GitHub wọlé, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà port yín. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé títì ló máa ń wà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè wọlé, àfi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Ká ní irú èyí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lò, màmá ò bá má rí nǹkan kan, ọmọ ò bá sì ti dúró ronú kó tó ṣí i.

Localtunnel ni kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba, ẹ sì lè fi server tara yín ṣe é. Tẹ́ ẹ bá lo tiwọn, ẹni tó bá fi browser dé máa kọ́kọ́ bá ojú ewé tó ń béèrè password, nọ́ńbà íntánẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà yín sì ni password náà. Fún ẹni tí ò fẹ́ gbé nǹkan kan sórí kọ̀ǹpútà, localhost.run wà, tó jẹ́ pé àṣẹ ssh tó ti wà nínú Linux, Mac àti Windows tuntun lẹ máa fi ṣe é. Orúkọ ọ̀fẹ́ ẹ̀ máa ń yí padà.

OHUN TÍ WỌN Ò NÍ KỌ SÍNÚ ÌPOLÓWÓ

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù rèé. Bí àlejò bá gba tọ́nẹ́ẹ̀lì wọlé, áàpù yín lè má mọ̀ pé àlejò ni. Sọ́fítíwià tọ́nẹ́ẹ̀lì tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín ló ń gbé ìbéèrè náà fún un, torí náà lójú áàpù, 127.0.0.1 ló ti wá, ẹni inú ilé ni. Àwọn irinṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé òfin kan ṣoṣo tó ń dáàbò bò wọ́n ni "ẹni inú ilé nìkan ni kó wọlé". Tẹ́ ẹ bá ti tan tọ́nẹ́ẹ̀lì, òfin yẹn ti di asán.

Ìdí kan náà ni ò fi yẹ kẹ́ ẹ máa fi nọ́ńbà tó ránṣẹ́ dá webhook mọ̀ níbi ìdánwò. Àmì ìfọwọ́sí ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Paystack máa ń fi àmì kan ránṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo webhook, lábẹ́ orúkọ x-paystack-signature. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí yín ṣe é, ní ọ̀nà HMAC SHA512. Ẹ̀yin náà ó ṣe ìṣirò kan náà, bí èsì méjèèjì ò bá bára mu, ẹ jù ú nù. Ẹni tó bá mọ líǹkì yín, tí ẹ ò sì yẹ àmì yìí wò, lè kọ̀wé fúnra ẹ̀ pé òun ti san 50,000 náírà, áàpù yín á sì gbà á gbọ́.

Ẹ tún wo ojú ewé àṣìṣe. Bí Django bá wà ní DEBUG, tàbí tí Laravel bá wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ni wọ́n máa ń to ohun tó wà nínú áàpù síta kí ẹni tó kọ ọ́ lè tún un ṣe. Àlejò náà máa rí i kà. Bó bá jẹ́ àpò fáìlì lódindi lẹ sì ṣí síta, ẹ rí i pé .env tàbí .git ò sí nínú ẹ̀. Àwọn rọ́bọ́ọ̀tì tó ń wá fáìlì wọ̀nyí kiri ayélujára ò mọ̀ pé ẹ̀ ń dánwò ni.

Lórí Paystack, àyè méjì ló wà fún àdírẹ́ẹ̀sì webhook: ti ìdánwò àti ti owó gidi. Inú àyè ìdánwò nìkan ni kẹ́ ẹ kọ líǹkì tọ́nẹ́ẹ̀lì sí. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́rọ́ yín náà. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sk_test, ẹ lè fọkàn balẹ̀. Tó bá jẹ́ sk_live, ẹ dúró ńbẹ̀.

Èyí tó kan màmá aládìrẹ jù ni orúkọ àwọn èèyàn. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 la ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú ní Nàìjíríà. Òfin yẹn kan ẹni tó ń tajà ní Ìtòkú bó ṣe kan ilé ìfowópamọ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dánwò, ẹ hùmọ̀ orúkọ, ẹ hùmọ̀ nọ́ńbà. Orúkọ oníbàárà kì í ṣe ohun ìṣeré.

IBI TÁ A FÀBỌ̀ SÍ

Iṣẹ́ kan ò tó wa, méjì la mú. Fún webhook, ngrok ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń lò, torí orúkọ tí kì í yí padà àti ojú ewé 4040 yẹn. Fún màmá, ó ra orúkọ ìkànnì tí wọ́n máa lò lọ́jọ́ iwájú, ó fi sábẹ́ Cloudflare, ó sì fi Access ṣọ́ ọ. Ímeèlì mẹ́ta péré ló lè wọlé: ti màmá, ti ọmọbìnrin ẹ̀, àti tèmi. Gbogbo orúkọ gidi ti kúrò nínú ẹ̀. Alẹ́ tó bá parí iṣẹ́, ó máa pa tọ́nẹ́ẹ̀lì kó tó dìde, kò dúró de kí iná lọ mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ yan tiyín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ta ló máa wọlé. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ bíi Paystack ni, ẹ wá orúkọ tí kì í yí padà, kẹ́ ẹ sì yẹ àmì ìfọwọ́sí wò. Tó bá jẹ́ èèyàn tẹ́ ẹ mọ̀ ni, ẹ wá èyí tó ní olùṣọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí ló ń kọjá, ẹ wá ọmọ oríta tí ò lè tú lẹ́tà. Tó bá jẹ́ ohun ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ò ní àṣírí kankan nínú ni, èyí tó yá jù náà ti tó.

Ọmọ náà àti màmá jọ lọ bẹ ìyá tó pè lọ́jọ́ yẹn nílé ẹ̀. Èmi náà tẹ̀ lé wọn, torí ilé mi ni nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀. Ìyá gbọ́ wa dópin, ó sì bi ọmọ yìí ní ìbéèrè kan: "Ọmọ mi, ká ní tìyá ẹ ni nọ́ńbà yẹn, ṣé wàá gbé e síbẹ̀ láì tìlẹ̀kùn?" Ọmọ dọ̀bálẹ̀. Kò rí èsì fọ̀, èmi náà ò sì rí. Ìyá ní ká dìde, ó ti tán. Ó ṣì ń rajà lọ́wọ́ màmá títí dòní.